Awò Ojú Tí Àǹtí Rèbékà Yá Lọ́wọ́ Mi

Rèbékà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ohun tí mo fi ń jẹun lọ́wọ́ mi. Mo dárúkọ rẹ̀ o! Mo ti pa á mọ́ra tó. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fà mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ilé ọkọ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí sí Màmá Tíṣà nìkan, ẹ kò mọ̀ pé mo ti fi kẹ̀kẹ́ jẹun rí. Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ ológeere! Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ́ lọ sí Lọ́kọ́ja láti wá ilé tí kò sí, èmi wà lára àwọn eléré ìdárayá tí ìjọba ń san owó oṣù fún. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, ṣùgbọ́n mo ní kí ṣọ́ọ̀kì dúró dè mí ná.

Aago mẹ́fà àárọ̀, màá ti kúrò ní Kábà, màá gba ọ̀nà Mopa. Kùrukùru á ṣì bo orí òkè. Àwọn tó ń lọ oko á gbé ọkọ́ sí èjìká, wọ́n á kígbe kí mi pé, "Okun o, ìyàwó oníkẹ̀kẹ́!" Èmi náà á na ọwọ́ sókè, màá kọjá fìrì. Ìpínlẹ̀ tuntun, èmi náà ìyàwó tuntun. Ibo ni gbogbo ayọ̀ yẹn lọ?

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi nìkan kọ́ ló ń gbé mi sáré. Ojú mi kò gba atẹ́gùn rárá. Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, omi á kún un, ọ̀nà á sì máa mì níwájú mi bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ìsàlẹ̀ odò. Kóòṣì tó kọ́ mi ní Ìlọrin, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, ló fún mi ní awò àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Kì í ṣe awò fáàrí tí wọ́n ń tà lọ́jà o! Ó fúyẹ́ bí ewé. Ó yí ojú ká dé ẹ̀bá etí, atẹ́gùn kò ríbi gbà wọlé. Rọ́bà wà níbi imú rẹ̀ tí òógùn kò fi lè mú un yọ̀. Dígí oríṣi méjì ló bá a wá: dúdú fún oòrùn, aláwọ̀ oyin fún kùrukùru àti ọyẹ́. Bí mo bá fi aláwọ̀ oyin yẹn sí i, gbogbo òkúta orí òkè Kábà á yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń rò ó pé èmi nìkan ni mo mọ bí ìlú wa ṣe rẹwà tó.

Láìsí awò yẹn, mi ò lè díje. Kóòṣì mọ̀, ọkọ mi mọ̀, Àǹtí Rèbékà náà mọ̀.

Àǹtí ti kó kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Ẹ̀júkù padà sílé bàbá wọn, níbi tí èmi náà ń gbé. Ẹ mọ bí ìlú ṣe ń ṣe obìnrin tó bá dálémọṣú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì o, lọ́jà o, nídìí ẹ̀rọ omi o, ìbéèrè kan náà ni: ọkọ dà? Èmi kò bi í rí. Àmọ́ èmi náà kì í ṣe áńgẹ́lì, ẹ ó gbọ́.

Ó ku ọ̀la kí a sá eré tí wọn yóò fi yan obìnrin méjì tí yóò gun kẹ̀kẹ́ fún ìpínlẹ̀ wa níwájú gbogbo Nàìjíríà. Mo ń nu awò mi lọ́wọ́ nígbà tí Àǹtí wọlé.

"Ìyàwó, yá mi ní awò rẹ yìí. Mo fẹ́ lọ ya fọ́tò."

Mo ní kí wọ́n má bínú, ọ̀la ni mo fẹ́ lò ó.

"Ṣé màá jẹ ẹ́ ni?"

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́ láti ilé ìdáná. "Awò lásán-làsàn! Ọkọ rẹ ló ń bẹ̀ ọ́ yẹn o!"

Ẹ̀yin obìnrin, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ìyàwó tuntun wo ló máa sọ pé rárá? Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dákẹ́. Mo ní, "Àǹtí, ta lẹ tiẹ̀ fẹ́ kó wò yín tó báyìí?" Mo sì rẹ́rìn-ín.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á dá a padà kí oòrùn tó wọ̀.

Oòrùn wọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní àwọn ti gbé e sójú wíńdò mi tipẹ́. Irọ́! A tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tú apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́. Ìyá ọkọ mi bi mí bóyá mò ń pe ọmọ òun lólè ni. Ọkọ mi wo ilẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í purọ́. Èmi wá di òpùrọ́ nínú ilé náà!

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ mú gan-an. Títí a fi dé orí òkè tó kẹ́yìn lọ́nà Lọ́kọ́ja, èmi ni mo wà ní ipò kejì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni omi kún ojú mi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ya wá kọjá, ó da eruku àti yanrìn bò mí. Mo kàn dijú ni. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré! Ìgbà tí mo là á, inú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà ni mo wà.

Wọ́n yan obìnrin méjì, èmi kò sí níbẹ̀. Yanrìn yẹn fi àpá sínú ẹyinjú mi ọ̀tún, dókítà ní kí n má gun kẹ̀kẹ́ nínú eruku mọ́. Bí mo ṣe padà sídìí ṣọ́ọ̀kì nìyẹn. Mo di pírínsípà, mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní mo kú oríire. Oríire wo?

Ní Kérésì ọdọọdún, Àǹtí á kí mi láàárín gbogbo ẹbí: "Ìyàwó wa, ojú ńkọ́?" Màá ní ojú wà ńbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, Àǹtí ránṣẹ́ pè mí. Orúnkún dídùn ti dá wọn dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n gbé agolo bisikíìtì kan sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ṣí i. Awò mi! Gèlè ni wọ́n fi wé e, dígí aláwọ̀ oyin ṣì wà nínú rẹ̀. Fọ́tò kan wà lábẹ́ rẹ̀: Àǹtí Rèbékà, ọwọ́ ní ìbàdí, àgbọ̀n sókè, awò mi lójú wọn. Kí n má purọ́, wọ́n rẹwà.

Mo fi awò náà sójú, rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, ó ń rún. Mo wo òkè láti ojú wíńdò. Ojú òsì mi rí àwọn òkúta yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi ti àárọ̀ ọjọ́un. Ọ̀tún kò rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ má fi yá ẹnikẹ́ni, bó jẹ́ ọkọ, bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ! Kí wọ́n pè yín ní ahun, ó sàn. Kí lẹ̀yin náà ti yá ẹbí tí kò padà wá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n dárí jì í, mi ò tíì ṣe tán.

Lọ́jọ́ tí mo ṣí agolo náà, mo kàn bi Àǹtí pé kí ló dé tí kò lè dá awò mi padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó yá a. Ó kọ́kọ́ kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ìyàwó, o bi mí pé ta ni mo fẹ́ kó wò mí. Gbogbo Kábà ló wò mí lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan kò sì bi mí pé ọkọ mi dà. Mi ò lè yọ ọ́ lójú mọ́."