Obìnrin Tí Kò Sọ̀rọ̀ Nínú Ìwé Mi

Òórùn ẹ̀pà sísun àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, níbi tí obìnrin kan ti ń bá mi fi táípúráítà tẹ ìwé tí mo kọ. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sí òkè òkun, mo wá sọ ara mi di òǹkọ̀wé. Mo ra gíláàsì tuntun, mo gbé tábìlì sídìí fèrèsé ní Bódìjà, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí màá kà lọ́jọ́ tí ìwé bá jáde kí n tó kọ orí kejì. Má fi mí rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣe rédíò nìkan ló ń bá ìwọ náà sọ̀rọ̀ nínú ilé oníyàrá mẹ́rin, wàá wá nǹkan ṣe.

Ìtàn ọkọ kan àti aya rẹ̀ ni ìwé náà. Ohun tí mo ń wá kò ju ẹnì kan tí yóò kà á tán, tí yóò sì sọ òótọ́ fún mi. Mo kọ́kọ́ gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nítorí mo mọ akẹ́kọ̀ọ́, mo fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ ojú ìwé méjì pọ̀ láàárín, bí mo ti máa ń ṣe láti fi mú àwọn tí kò kàwé. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti agbádá.

“Iṣẹ́ ńlá ni, sà! Kò sí ohun tí mo lè fi kún un.”

Ojú ìwé méjèèjì ṣì lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́.

Obìnrin atẹ̀wé tó wà ní Agbowó ní tirẹ̀ kò lè fo ojú ìwé kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dáwọ́ dúró, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára.

“Dádì, ẹ má bínú o. Ìyàwó inú ìwé yìí, ṣé odi ni?”

“Odi kẹ̀? Obìnrin jẹ́jẹ́ ni.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé orí kẹsàn-án. Ọkọ ń sọ̀rọ̀, ọkọ ń ṣàlàyé, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń gbé oúnjẹ wá. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti da omi ọbẹ̀ lé ọkọ náà lórí!”

Ìyá kan tó wá ṣe fótókọ́pì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ dá a lóhùn, Bàbá!”

Mo fi ìbínú gba ìwé mi, mo rìn délé. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan péré tí ìyàwó mi máa ń sọ sí obìnrin inú ìwé náà lẹ́nu, kí n fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rántí ikọ́ rẹ̀, mo rántí bó ṣe ń wọ́ sálúbàtà, mo rántí gbogbo èsì tí mo fún un ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi: “Bàbá àwọn ọmọ, mo rò pé…” Èmi ni mo máa ń bá a parí rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu wọn ní kíláàsì.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìparí, mo gbé e padà lọ sí Agbowó lọ́jọ́ kejì.

“Kí ló wá rò, Dádì?” ni atẹ̀wé náà bi mí.

“N kò mọ̀. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà jáde, wọ́n sì yìn ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ikú ìyàwó mi ló sọ ilé mi di ibi tó dákẹ́.