Ìbéèrè Tí N Kò Bi "Dókítà" Ẹṣin

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo dákẹ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n ro ó fún yín bó ṣe lọ.

Àbúrò mi, Múrítàlá, ní ẹṣin kan ní Òkè-Ogbó níbí. Aláàfíà lorúkọ rẹ̀. Bí ọdún bá dé, á fà á lọ sí Ẹnuwá níwájú ààfin, àwọn ọmọdé á gùn ún ya fọ́tò. Ẹṣin yìí ló fi ń jẹun.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá ni Aláàfíà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní Ẹdúnàbọ̀n tó máa ń fi òróró wọ́ra fún ẹṣin. "Dókítà" ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àbúrò mi ní kí n wá bá òun wò ó, torí èmi ni mo kàwé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ti ní ó dáa, ó ti dáa nìyẹn."

Ọkùnrin náà dé tòun ti kóòtù funfun. Èmi náà kí i: "Ẹ káàbọ̀, Dókítà." Ṣé ẹ mọ̀ pé kò gbé ẹsẹ̀ ẹṣin náà sókè wò? Èjìká ló kọjú mọ́. Ó wọ́ ọ, ó gún un lábẹ́rẹ́ ìrora, ó ní iṣan ló lọ́, ká máa mú un rìn.

Lọ́jọ́ kejì, kò tiro mọ́! Àbúrò mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíṣà, ẹ fún Dókítà ní máàkì o!"

Mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo na koríko sí Aláàfíà. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Etí rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ le bí igi. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n. "Dókítà" padà wá, ó ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó tún wọ́ ọ. Ẹṣin ń làágùn. Ojú rẹ̀ wà lára mi, bí ojú ọmọ tó mọ ìdáhùn, tí tíṣà ò pè.

Nígbà tí a wá pe dókítà ẹranko gidi, obìnrin kan tó ní ìwé àṣẹ, pátákò ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé sókè. Ìṣó tó ti dípẹtà ló wà níbẹ̀! Ó bi wá pé ta ló ti ń tọ́jú rẹ̀. Àbúrò mi ní Dókítà ni.

"Dókítà kí ni?"

Àbúrò mi wojú mi. Èmi! Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ ìbéèrè yẹn gan-an sínú ìwé àwọn ọmọ tó bá ní àwọn fẹ́ di dókítà, pẹ̀lú bírò pupa!

Àrùn ipá, tó ń mú ara gan, ti gba ojú ìṣó yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ẹnu rẹ̀ ò là mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú. Nígbà tí Iléyá dé, àwọn ọmọdé ń wá Aláàfíà ní Ẹnuwá. Àbúrò mi jókòó sílé, ó ń ká okùn rẹ̀.

N kò sọ pé ìwọ́ra kò dára o. Obìnrin náà ní ó wúlò, bí ẹni tó kọ́ ọ bá ṣe é lẹ́yìn àyẹ̀wò. Àmọ́ mo gbọ́ pé ọkùnrin yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ kiri, wọ́n ṣì ń pè é ní Dókítà.

Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí kí ẹlòmíràn rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹranko yín, ẹ bá mi bi í ní ìbéèrè tí n kò bi í.