Fọ́tò Méjì Kí Wọ́n Tó Yọ Iju Mi

Òórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nílé ìwòsàn yẹn ní Ìbàfò, òun àti èéfín tírélà tó ń gba ojú fèrèsé wọlé láti márosẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ yọ iju inú ilé ọmọ mi. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti sunkún, ó ku kí wọ́n là mí.

Dókítà tó máa fún mi lóògùn oorun, ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí, kí ìyá ọkọ mi tẹ̀ríba-tẹ̀ríba, ó sì yọ fóònù. Ó ní kí n lanu, kí n gbọ́rùn sókè, ó wá ya fọ́tò. Ó ní AI tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ wà nínú fóònù náà, pé ó máa ń wo ojú àti ọrùn èèyàn, á sì sọ bóyá rọ́bà tí wọ́n fi ń fún ẹni tó ti sùn ní afẹ́fẹ́ máa rọrùn láti ti bọ ọ̀fun rẹ̀. Ó wo èsì, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ má bínú ma, ó ní tiyín máa ṣòro."

Ìyá ọkọ mi ni olórí aṣàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àsọtẹ́lẹ̀ ibi lásán ni ọ̀rọ̀ yìí létí Màámi, bí mo ṣe máa ń pè wọ́n. "A ò gbà á lórúkọ Jésù." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lọ́rùn, wọ́n gbàdúrà títí òógùn fi bò wọ́n. Èmi náà ṣàmín tọkàntọkàn, ọ̀rẹ́ mi, ta ló fẹ́ kú? Wọ́n wá kọjú sí dókítà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tún un yà."

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í bá àgbà jiyàn, ló bá tún un yà. Ẹ̀rù ti wá bà mí débi pé mo lanu bí ẹni tó fẹ́ gbé odindi ẹ̀kọ mì, mo na ọrùn títí ó fi ń dùn mí. Fóònù ní kò séwu.

Màámi bú sórin. Dókítà ń wo èsì méjèèjì nínú fóònù. Mo rọra bi í pé, "Èwo lẹ gbà gbọ́?"

Kò wo ojú Màámi. "Èyí tó bà mí lẹ́rù."

Ó ní òun ò ní ṣe é níbẹ̀, ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní rọ́bà oní-kámẹ́rà tí wọ́n fi ń rí inú ọ̀fun. Níbi tá a lọ, àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀fun mi. Mo jí pẹ̀lú ètè wíwú, wọ́n sì sọ fún ọkọ mi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n pàdánù mi.

Màámi ṣì ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run mú kí fóònù yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo máa ń bá wọn jó, torí mo wà láàyè, mo sì fẹ́ràn wọn. Wọn ò kúkú purọ́. Fóònù yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lóòótọ́, nítorí pé mo lanu ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀fun mi sì wà bó ṣe wà. Ohun tó ń já mi láyà títí dòní nìyẹn.