Elétí Ehoro àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n, onídìrí ni àbúrò, kíláàsì Lárúbáwá kan náà ni wọ́n jọ ń lọ nírọ̀lẹ́. Ní ìpele kìíní, ẹ̀gbọ́n ló mọ̀wé jù. Òun ló ń di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú kọ álífù, lẹ́tà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìpele kejì, iṣẹ́ wá kù sọ́wọ́ etí. Olùkọ́ á tan ẹ̀rọ, ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà nínú rẹ̀, olùkọ́ á ní, "Kí ló sọ?" Kí aránṣọ tó mú ọ̀rọ̀ kan, mẹ́wàá ti kọjá. Àbúrò rẹ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín àwàdà tó wà níbẹ̀. Bí olùkọ́ ṣe sọ ọ́ ní Elétí Ehoro nìyẹn.

Orúkọ náà ń ta aránṣọ lára bí ata. Ẹni tí òun kọ́ ní álífù ló wá ń pa òun láyò. Kò dúró de àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Aránṣọ mọ̀ pé àwọn elédè Lárúbáwá ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà àbúrò rẹ̀. Ló bá lọ dirun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irun orí rẹ̀ kò tíì gbó. Ó dijú bí ẹni tó ń sùn. Ó rántí ìkìlọ̀ olùkọ́ pé kí wọ́n má máa lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń lé adìẹ, kí wọ́n tẹ̀lé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó gbọ́ pé àna ẹnì kan ń bọ̀ wá kí i, onítọ̀hún kò sì fẹ́. Lẹ́yìn náà, oníbàárà kan béèrè pé ta ni ẹni tó ń sùn yẹn.

Onídìrí dá a lóhùn ní Lárúbáwá pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò sí ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Etí yìí nìkan ni mo fi jù ú, mi ò sì fẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ mi."

Aránṣọ gbọ́ ọ láti orí dé ìdí. Kò lajú. Ó ti rò pé òun nìkan ni ìlara ń jẹ.

Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin inú ẹ̀rọ ń ráhùn pé ọkọ̀ ojú irin fi òun sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé aránṣọ. Ó kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ itan, àmọ́ ó padà nà án sókè. Bó ṣe ń dáhùn ni àbúrò rẹ̀ dorí kodò.

Lójú ọ̀nà, onídìrí ní, "Ta ló kọ́ yín?"

"Ìwọ ni. Nígbà tí mo ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Àbúrò dúró sójú kan. "Gbogbo ẹ̀ lẹ gbọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Ẹ yáa wá ibòmíràn dirun."

Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sí ohùn yẹn dáadáa, kò sì lè sọ bóyá àwàdà ni.