Ẹsẹ̀ Tí Kò Ṣeé Yá Mọ́

Bí Rọ̀kíbátù onídìrí bá sọ pé òun ò lọ, ẹ má wulẹ̀ fà á lápá. Gbogbo àdúgbò Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé apẹja ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ọkọ ló gbé e wá sí Ìkòròdú, ọkọ sì kú, ó fi òòyà tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà láìtọrọ jẹ. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agídí yìí, ẹnì kan wà tí kì í lè sọ pé rárá fún. Àlàájì Bàdírù ni, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní àdúgbò, tó tún jẹ́ onílé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Iṣẹ́ tí Àlàájì ń fi rán an kò le. Bí ìbò abẹ́lé bá dé, tí ẹgbẹ́ fẹ́ mú ẹni tí yóò díje lórúkọ rẹ̀, ìlà ni wọ́n ń tò. Ẹni tó bá fẹ́ olùdíje kan á lọ dúró sẹ́yìn pósítà rẹ̀, wọn á sì ka orí. Rọ̀kíbátù ló ń kó orí wá, nítorí oníbàárà rẹ̀ pọ̀, àwọn obìnrin sì fẹ́ràn rẹ̀. Lónìí wọ́n á tò ní Ìkòròdú. Ní ọ̀túnla bọ́ọ̀sì á kó wọn ní Gárèèjì, ó di Ìjẹ̀dẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ ìbò àwọn ìlú kò bára mu, nítorí náà orí kan náà lè yan èèyàn ní ìlú mẹ́ta. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín, wọn á máa jẹ ẹ̀pà lọ.

Ìbò tó kọjá ló ba ẹ̀rín náà jẹ́. Síkírù, àbúrò Rọ̀kíbátù, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, ló jáde láti lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àlàájì ní kí wọ́n lọ tò fún ẹlòmíì níbẹ̀.

"Síkírù ti juwọ́ sílẹ̀," ó ní. "A ti parí ẹ̀ nínú ilé."

Rọ̀kíbátù pe àbúrò rẹ̀, ìpè kò wọlé. Ló bá gba Àlàájì gbọ́. Inú rẹ̀ dùn pé òun ń relé, ó dirí fún gbogbo àwọn obìnrin rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùkú rèǹtè-rente, kí wọ́n lè gún régé lójú àwọn ará ilé òun.

Wọ́n dé Ẹ̀pẹ́, oòrùn mú, wọ́n ṣí gèlè. Síkírù kò juwọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà alátakò rẹ̀ nígbà tó rí ṣùkú kan, ó rí òmíràn, ó tún rí òmíràn. Lẹ́bàá etí òsì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni irun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yípo bí etí àwọ̀n. Ìyá wọn tó ti kú ló máa ń dì í bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Síkírù wo ìlà náà títí dé iwájú, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, kò pariwo, "èwo nínú àwọn èèyàn yìí ni ará Ẹ̀pẹ́?"

Rọ̀kíbátù kọjú sí àwọn obìnrin rẹ̀. Kó tó lè ní kí wọ́n kúrò, àwọn tó ń ka orí ti kà wọ́n tán. Síkírù fìdí rẹmi, kò sì tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago mọ́. Ojú ti Rọ̀kíbátù débi pé kò lè lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dún Iléyá. Ṣùgbọ́n bí ìtìjú bá pẹ́ nínú olóríkunkun, ìbínú ló ń dà.

Nígbà tí ìbò míì ń bọ̀, ariwo sọ nínú ẹgbẹ́: ṣé kí wọ́n di ìbò abẹ́lé lọ́jọ́ kan ṣoṣo jákèjádò Nàìjíríà, àbí kó máa lọ bó ṣe ń lọ? Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ wá sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú láti gbọ́ tẹnu ọmọ ẹgbẹ́. Àlàájì pe Rọ̀kíbátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Waliyah, ẹ̀yin lẹ máa gbẹnu sọ fáwọn obìnrin. Ẹ ní a ò fẹ́ ọjọ́ kan o. Ẹ ní ọlọ́pàá ò ní kárí, ẹ ní ìjà á bẹ́ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù."

Rọ̀kíbátù dìde, ó kí àwọn àgbà.

"Wọ́n ní kí n sọ pé ọlọ́pàá ò ní kárí," ó ní. "Ìbò ààrẹ ńkọ́? Ṣé ọjọ́ kan náà kọ́ la ń dì í láti Sókótó dé etí ọ̀sà? Báwo ni wọ́n ṣe ń kárí ìyẹn?"

Àlàájì ń juwọ́ sí i pé kó jókòó. Ó túbọ̀ nà ró.

"Lọ́jọ́ Iléyá, ìlú gbogbo ló ń kírun láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ta ló gbọ́ ọ rí pé yídì Ẹ̀pẹ́ wá yá èèyàn ní Ìkòròdú kó lè kún? Iye ẹni tó bá jáde ni lèmọ́mù ń kírun fún! Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí wọn ò fi fẹ́ ọjọ́ kan. Tó bá ti di ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ò ní ṣeé yá mọ́. Mo mọ̀, torí ẹsẹ̀ tèmi wà nínú èyí tí wọ́n ń kó kiri. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lè gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Èmi ni mo lẹnu mi."

Gbọ̀ngàn dà rú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àga àti dígí rẹ̀ wà létí gọ́tà. Rọ̀kíbátù kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbé àga rẹ̀ sí òdìkejì títì, ní ọ̀ọ́kán ibi tí Àlàájì á ti máa rí i, ó ń dirí lọ. Bí Àlàájì bá ń kọjá, ó máa ń kí i dáadáa: "Àlàájì, ẹ má jẹ́ kí àgádágodo yín dípẹtà o. Òjò ń bọ̀."

Ẹgbẹ́ mú ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ náà, Rọ̀kíbátù tò ní Lásunwọ̀n, sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Kíkà kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mọ́tò Àlàájì dé. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti ẹni tó gbé wọlé ní Ẹ̀pẹ́ níjọ́sí ti di ọ̀tá.

"Ìyá Waliyah, Síkírù yín tún jáde. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo wà báyìí. Ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀ ò gùn tó. Ẹ kó obìnrin díẹ̀, mọ́tò wà nílẹ̀, ẹ máa débẹ̀ kí wọ́n tó kà. Àbúrò yín ni o! Kọ́kọ́rọ́ nìyí, ẹ gbà á."

Gbèsè Síkírù wà lọ́rùn Rọ̀kíbátù, ọ̀nà láti san án sì nìyí. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà títí. Oòrùn òdìkejì títì kò dára fún ẹni ọjọ́ orí rẹ̀.

"Àlàájì," ó ní, "ohun tí mo fi pa á lára kọ́ ni màá tún fi wò ó sàn. Ara kan ni mo ní, ó sì ti wà lórí ìlà. Ẹ sún sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ kà mí."

Wọ́n kà á.

Ó ti padà sídìí òòyà rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Síkírù ni.

"Wọ́n ní Àlàájì ní kẹ́ ẹ wá tò fún mi."

"Mo kọ̀."

"Mo tún fìdí rẹmi, Ẹ̀gbọ́n mi. Orí díẹ̀ ni wọ́n fi jù mí lọ. Àmọ́ gbogbo ẹni tó tò lòdì sí mi, mo mọ ilé bàbá wọn. Mo ti bọ ẹni tó wọlé lọ́wọ́." Ó fi kún un: "Ìyàwó mi ní òun fẹ́ di ṣùkú Màmá. Ṣé kó máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù?"

Rọ̀kíbátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó wo àgádágodo ní ọ̀ọ́kán.

"Kó máa bọ̀," ó ní. "Ìta gbangba ni mo wà."