Geum-ja àti Ọkùnrin Tó Kọjú sí Ògiri

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ Geum-ja bí ara ṣe rí, ọpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dá, kó tó ráyè sọ pé eékún ń dun òun. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí èbúté Mokpo ní ilẹ̀ Kòríà, níbi tó ti ń gé ṣòkòtò tó gùn, tó sì ń tú ẹ̀wù tó fún. Ọkọ tó fẹ́ nígbà èwe ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Kò bú u, kò sì ṣépè. Ó kàn gbájú mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò lè fara dà: kó dá jẹun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí aago kan bá ti lù lọ́sàn-án, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á sì gba ọ̀dọ̀ Mal-sun lọ, ìyá arúgbó tó ń ta ọbẹ̀ ẹja àti ọtí ìrẹsì nínú yàrá tí kò gbà ju tábìlì mẹ́rin lọ. Àǹtí ni gbogbo oníbàárà ń pe Mal-sun, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Jong-dae. Ọkùnrin náà ti fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó fi òun àti Tae-rim ọmọ wọn sílẹ̀. Kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Iwájú Geum-ja ló máa ń jókòó. Á ní ọbẹ̀ náà gbóná, Geum-ja á ní ó gbóná lóòótọ́, wọ́n á jẹun tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lójú Geum-ja, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn tó mú dé ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Jong-dae máa ń da ọtí fún ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹlòmíràn ló ń da ọtí sí ife ẹni. Ẹni tó bá da tirẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó kọjú sí i kò ní rí olólùfẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Jong-dae ti dá gbé pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, Du-sik apẹja, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, pariwo láti tábìlì kejì.

"Bàbá Tae-rim! Ẹ tún ti da á! Ọdún mẹ́ta mìíràn nìyẹn lórí Màdáámú aránṣọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọ sàréè láìlọ́kọ ni?"

"Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀," ni Mal-sun fi kún un láti ìdí iná. "Ti ọdún tó kọjá nìkan ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún!"

Ẹ̀rín sọ. Geum-ja náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Jong-dae nìkan ni kò rín. Ó rọra gbé ìgò sílẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jókòó ní kọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Geum-ja ń wo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní bóyá ẹ̀rín tí òun rín ló dùn ún, tàbí ojú ló ń tì í kí wọ́n máa pe òun mọ́ ọn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tí ọkùnrin náà tún kọjú sí ògiri, Mal-sun gbé ọbẹ̀ wá, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Geum-ja létí.

"Ṣé o ti gbọ́? Tae-rim ọmọ ẹ̀ ń bọ̀ wá mú un lọ sí Incheon ní Sátidé. Ó ní bàbá òun ò gbọ́dọ̀ dá gbé mọ́."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀, Àǹtí?"

"Kò kàn ọ́. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí ẹ fi jábọ́."

Geum-ja dìde. Lójú gbogbo wọn, ó fa àpótí kan, ó jókòó ti ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá Tae-rim, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ògiri wá dùn ún wò jù mí lọ?"

Jong-dae ò gbójú sókè. "Màdáámú, ọwọ́ mi kì í gbọ́ràn. Màá gbàgbé, màá da ọtí fúnra mi. Mo wá ní kí n kọjú sí ògiri. Ògiri ò wá ọkọ. Mi ò fẹ́ ba oríire yín jẹ́ kí n tó lọ."

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Geum-ja fi rò pé wọ́n tún ti kọ òun sílẹ̀, àṣé ńṣe ni ọkùnrin yìí ń dáàbò bo òun. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ó gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ń wá oríire?"

Ó da ọtí náà títí ó fi kan etí ife. Jong-dae fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó mu ún tán, ó yọ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Tae-rim, má wulẹ̀ wá mọ́."

"Bàbá, ta ni yóò máa wò yín níbẹ̀?"

Geum-ja gba fóònù.

"Geum-ja ni mí, ọmọ mi. Èmi àti bàbá ẹ la jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Èmi ni màá máa wò wọ́n, bí o bá fọwọ́ sí i."



"Ẹ ṣeun, mà," ni Tae-rim dáhùn. "Yàrá tí mo rí fún wọn ò ní fèrèsé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mi ò ti lè sùn nítorí rẹ̀."