Àyè Tí Màmá Mi Tọrọ Lọ́wọ́ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kó bú mi. Mo ti bú ara mi títí, ó ti sú mi. Mo jẹ́ kí ìyá tó bí mi lọ́mọ máa kúnlẹ̀ kí mi fún odidi ọdún kan ó lé. Ojúmọmọ ni o, níṣojú àwọn èèyàn. Orí lásán ni mo sì máa ń mì sí wọn.

Kò kúkú sẹ́ni tó fipá mú mi débẹ̀. Yàrá kan ni mo háyà ní Mafoluku nígbà tí iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ tí mò ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú bọ́ lọ́wọ́ mi. Aládùúgbò mi kan ló mú mi lọ sí ìjọ kan lọ́nà Okota. Ìjọ là ń pè é, àmọ́ ìlú ni. Odi gíga ló yí i ká. Inú ẹ̀ là ń gbé, inú ẹ̀ là ń ṣiṣẹ́: àwọn kan ń rọ omi sínú ọ̀rá, àwọn kan ń ránṣọ, àwọn kan ń ṣe búrẹ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ máa gbébẹ̀ á fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ ní géètì. Bàbá tó ni ìjọ ló ń sọ iṣẹ́ tí kálukú máa ṣe, ó ní Ẹ̀mí ló ń sọ ọ́ fún òun. Ta ló máa bá Ẹ̀mí jiyàn? Mò ń jẹun, mò ń rí ibi sùn, lánlọ́ọ̀dù ò sì lé mi kiri mọ́.

Àmùrè la fi ń mọ ẹni tó ju ẹnìkan lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní. Funfun ló máa kọ́kọ́ gbà, tó bá yá ó di búlúù, òkè pátápátá ni pupa. Ẹni tí tiẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ẹni tí tiẹ̀ ga, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ tó lè bí ni. Bàbá ní ọjọ́ orí, ti ayé ni. Ibi ìfọṣọ ni wọ́n fi mí sí, mo sì mọṣẹ́ náà, ká má parọ́. Aṣọ àwọn alámùrè pupa ò gbọdọ̀ bá tàwọn yòókù wọ inú abọ́ kan náà. Tá a bá sì fẹ́ sá a, okùn mẹ́ta la ta sókè ara wọn, tiwọn ló ń wà lókè, kí omi aṣọ àwa tó kù má baà kán sí i. Láàárín ọdún méjì mo ti gba búlúù, mo ti di olórí ibi ìfọṣọ, obìnrin mẹ́wàá ló wà lábẹ́ mi. Èmi tí ọmọdé ń jágbe mọ́ níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. Orí mi wú kọjá ààlà.

Ìgbà yẹn ni mo lọ mú màmá mi wá láti Ìkirè. Bàbá mi ti kú, màmá mi nìkan ló kù nílé, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n wá síbi àdúrà, ara wọn á yá. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n wá rí bí mo ṣe dà ni. Ibi ìfọṣọ náà ni Bàbá fi wọ́n sí. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, màmá mi rí mi, wọ́n la apá, wọ́n fẹ́ máa kì mí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ gbójú sókè. Mo ṣẹ́jú sí màmá mi pé kí wọ́n má dán an wò. Wọ́n gbọ́wọ́ lé ògiri, wọ́n rọra kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń gétè jẹ nítorí orúnkún yẹn. Mo mi orí, mo ní iṣẹ́ ti yá.

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, títí di ọjọ́ Ajé kan tí ará Ìkirè kan mú ìròyìn wá. Àbúrò màmá mi obìnrin, ẹnìkan ṣoṣo tó kù nínú ọmọ ìyá wọn, ń ṣàìsàn gan-an, ó sì ń bèèrè wọn. Kò sẹ́ni tó lè jáde ní géètì láìjẹ́ pé olórí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kọ ìwé àyè fún un. Èmi ni olórí. Màmá mi wá bá mi lẹ́yìn okùn aṣọ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọjọ́ méjì péré. Ẹ jẹ́ kí n fojú kan àbúrò mi."

Ìlà kan péré ni ǹ bá kọ. Àmọ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yẹn ni mo fẹ́ gba àmùrè pupa. Olórí àwọn obìnrin sì ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ojú wà lára mi, ó ní ẹni tó bá ń ṣojúsàájú sí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kì í gòkè níbí. Mo wá wo màmá mi lórí ìkúnlẹ̀, mo ní, "Ní sùúrù. Jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú kọjá." Bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n tún bẹ̀ mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n bẹ̀ mí lọ́jọ́rú. Láti Ọjọ́bọ̀ wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n kàn ń kúnlẹ̀, wọ́n ń wojú mi, èmi náà á sì bójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo gba àmùrè pupa. Wọ́n kọrin, mo jó. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ àbúrò màmá mi yẹn dé géètì, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ìyá òun ti kú láti ọjọ́ Sátidé. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò sì dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n ti sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Ó ní lóru tí ìyá òun fi máa kú, títí ilẹ̀ fi mọ́ ni wọ́n ń bi òun pé ṣé ẹ̀gbọ́n àwọn ti dé.

Ẹ tún gbọ́ o, kò tíì tán. Aṣọ ọjọ́ Àìkú pọ̀ rẹpẹtẹ nílẹ̀. Mo rò ó pé tí mo bá sọ fún màmá mi, ẹkún á sọ, iṣẹ́ á dúró. Mo dákẹ́ títí okùn òkè fi kún. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ sọ fún wọn. Wọn ò sunkún. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, mà," wọ́n dìde, wọ́n sì mú aṣọ mìíràn. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi ni mo fi ata sẹ́nu.

Ì bá wù mí kí n sọ pé ohun tó mú mi kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ọrùn aṣọ ìgúnwà Bàbá, wọ́n bọ́ àmùrè lára mi. Wọ́n ní kí n máa kúnlẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin tí mo ti ń jágbe mọ́. Mi ò lè ṣe é tó ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí màmá mi fi orúnkún tó ń dùn wọ́n ṣe fún ọdún kan ó lé, èmi tí ara mi le koko ò lè fi ọjọ́ méje ṣe é. Mo kó ẹrù, mo ní kí màmá mi jẹ́ ká lọ. Ẹni tó bá ń kó ẹrù lọ pátápátá, wọn kì í bi í ní ìwé àyè.

Inú yàrá kan ní Mafoluku lèmi àti wọn wà báyìí. Mò ń bá àwọn èèyàn lọ aṣọ. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bẹ̀ wọ́n, èmi obìnrin. Wọ́n ní ta ni àwọn fẹ́ bínú sí, ṣebí ọmọ àwọn ni mí, wọ́n ní ó ti tán. Mo sì mọ̀ pé wọn ò tàn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi wọ bàtà, wọ́n fẹ́ lọ ra ògì níwájú ilé. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ṣé àwọn lè lọ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọrọ àyè lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ̀yin lẹ bí mi." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo padà sídìí aṣọ tí mò ń lọ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, wọ́n ṣì wà lójú kan náà, ọwọ́ wọn wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò mí. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lọ.